Mo Gbé Ẹja Gbígbẹ Lọ sí Ìrókò Lórí Kẹ̀kẹ́

Ẹ̀yin ará Ìgbókòdá tí ẹ fi mí ṣẹ̀sín ní èbúté lọ́jọ́ tí mo gbéra, mo ti dé o. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì pé, kẹ̀kẹ́ mi kò dá sí méjì, kò sì sí ará òkè kankan tó gbé mi pamọ́. Ojú mi nìkan ló dúdú sí i, oòrùn ló sì ṣe ìyẹn, kì í ṣe ọmọ èèyàn. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ni ẹ ti ń ya ṣọ́ọ̀bù mi wá bi mí ní ìbéèrè kan náà, aṣọ oníbàárà sì ń dúró lórí ẹ̀rọ. Mo wá kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí. Ẹ kà á, kí ẹ jẹ́ n rójú ránṣọ.

Ẹ mọ ìyá mi, ẹ sì mọ̀ pé ojú wọn ti ń ṣú. Ohun tí púpọ̀ nínú yín kò mọ̀ ni pé wọ́n ní àbúrò kan, Orímisàn. Kí wọ́n tó bí mi, ọkùnrin kan máa ń ti ìlú òkè wá ra ẹja ní èbúté wa, kẹ̀kẹ́ ló sì máa ń gùn. Ìgbà tó wá gbẹ̀yìn, kì í ṣe ẹja ló gbé sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, Orímisàn ni. Bàbá àgbà gbé ìbínú yẹn wọ sàréè.

Ìyá mi kò bínú. Gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n máa ń dá ẹja sí fún àbúrò wọn, ẹja ńlá tó gbẹ, tí èéfín ti wọ̀ dé egungun. Obìnrin oníṣòwò kan ló máa ń bá wọn gbé e lọ, á sì gbé èlùbọ́ bọ̀. Ẹja lọ, èlùbọ́ bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ṣe ń kí ara wọn. Nígbà tí oníṣòwò yẹn kú, ọ̀nà dí. Kò sẹ́ni tó mọ abà tó máa ń gbé e lọ. Síbẹ̀, ìyá mi kò yé dá ẹja sí, ẹja sì ń pọ̀ lókè àjà.

Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan pè wọ́n lórí fóònù, ó ń sunkún, ó ní òun ni Orímisàn, ara òun kò yá, kí wọ́n tètè fi nǹkan ránṣẹ́. Wọ́n fi ránṣẹ́. Olè ni. Láti ọjọ́ náà ni ìyá mi kò ti gba ohùn inú fóònù gbọ́ mọ́.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n pè mí jókòó. "Mojí, bá mi wá Orímisàn lọ. Bó bá ti kú, kí n mọ̀, kí n yé dá ẹja sí fún òkú. Bó bá wà láàyè, má pè mí o. Ohùn kan ti tàn mí rí. Mú ohun tí mo lè fọwọ́ kàn bọ̀."

"Ìyá, mi ò rí wọn rí. Báwo ni mo ṣe máa dá wọn mọ̀?"

"Ọlọ́wọ́ òsì ni. Òdì ni kókó àwọ̀n tó bá hun máa ń kọjú sí. Mo kọ́ ọ títí, kò gbọ́."

Ohun tí mo rí gbà dání nìyẹn: ọwọ́ òsì, àti orúkọ ìlú kan, Ìrókò, lẹ́yìn Ìbàdàn. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní kí n wọ mọ́tò. Mo ní mọ́tò a máa gbé èèyàn kọjá ẹni tó ń wá. Kí n má purọ́ fún yín, èyí jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Láti ìgbà tí dókítà ti ní kí n máa gun kẹ̀kẹ́ nítorí orúnkún mi ni ojú mi ti ń wo iwájú títì. Mo fẹ́ mọ ibi tó lọ.

Ta ló lé yín?

Mi ò ní sọ ti títì títí dé Ifẹ̀. Lẹ́yìn Ifẹ̀ ni ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi pé mo ti jìnnà sílé. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ, ètè mi là. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì: ilẹ̀ pupa, ebè iṣu, koríko tí iná ti jó, kò síbi tí omi ti ń dán. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ pé ibì kan ń bẹ tí èèyàn lè rìn láti àárọ̀ dalẹ́ kó má rí odò. Irọ́ ni mo máa ń pè é. Ẹ foríjì mí, òótọ́ ni.

Nígbà tí mo wọ Ẹgbẹ́dá, oòrùn ti kan àtàrí. Àwọn obìnrin kan ń dirun lábẹ́ igi máńgòrò. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Wọ́n dáhùn, ṣùgbọ́n wọ́n wo ara wọn. Ìyá kan tí wọ́n ti dì lápá kan orí, tí apá kejì ṣì rí wúruwùru, ló ṣàánú mi.

"Àlejò, bẹ́ ẹ bá bá wọn níbi irun dídì, 'Ojú gbooro o' là ń kí wọn."

"Ojú gbooro o!"

"Oòyà á yà á!" Gbogbo wọn dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà, inú wọn sì dùn sí mi. Ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ilẹ̀ yìí, kò sí iṣẹ́ tí kò ní ìkíni tirẹ̀. Àgbẹ̀ tó ń kọ ebè ní tirẹ̀, ẹni tó ń fún epo ní tirẹ̀. Èmi tí mo wà lórí kẹ̀kẹ́ náà ní tèmi. Ẹni tí kò mọ̀ mí rí á gbé ọkọ́ dúró láàárín oko, á kígbe láti ọ̀ọ́kán, "Àrìnnàkore o!" pé kí n fẹsẹ̀ ko ire lójú ọ̀nà. Ó dùn mọ́ mi ju oúnjẹ lọ, ẹ sì mọ̀ mí sí oúnjẹ.

Lábẹ́ máńgòrò yẹn ni wọ́n ti kọ́kọ́ bi mí ní ìbéèrè tí mo gbọ́ títí dé Ìrókò.

"Ta ló lé yín?"

"Kò sẹ́ni tó lé mi."

"Ọkọ yín ńkọ́?"

"Ó wà nílé, ó ń jẹun."

"Ó wá gbà kẹ́ ẹ gun kẹ̀kẹ́ láti etí òkun wá síbí?"

"Kò gbà. Mo gùn ún."

Háà! Ìyá onírun-apákan pàtẹ́wọ́ títí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ fi ń mì. Wọ́n fún mi ní ẹ̀kọ tútù àti mọ́ínmọ́ín, wọ́n sì ní kí n sọ òótọ́, ṣé ẹ̀jẹ́ ni mo jẹ́ tàbí ẹ̀ṣẹ̀ ni mo ṣẹ̀ tí mo fi ń fìyà jẹ ara mi. Mo ní àbúrò ìyá mi ni mo ń wá. Ojú wọn rọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ ò bá ti tètè sọ bẹ́ẹ̀." Àṣé ní ilẹ̀ yìí, èèyàn lè ya wèrè tó bá wù ú, bó bá ti jẹ́ nítorí ẹbí.

Omi tí mo dà nù

Láti Ẹgbẹ́dá mo ya sínú Lágelú, mo kúrò lórí títì, mo ń tọ ọ̀nà abà. Ibẹ̀ ni ìtìjú bá mi.

Bàbá arúgbó kan àti ìyàwó rẹ̀ gbà mí sí ọ̀ọ̀dẹ̀ wọn. Kí n tó kúnlẹ̀ kí wọn tán, ìyá náà ti gbé omi fún mi nínú abọ́. Omi yẹn pọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n ó tutù. Mo mu ún dé ìdajì, mo fi díẹ̀ fọ ojú, mo sì da èyí tó kù sílẹ̀ bí a ti máa ń ṣe nílé. Ta ló ń ṣọ́ omi lọ́dọ̀ wa? Abẹ́ ilé wa gan-an ni omi wà.

Ìyá náà wo ibi tí ilẹ̀ ti tutù, ewúrẹ́ méjì sáré wá, wọ́n ń lá a. Ó ní, "Ẹ dà á nù." Kò pariwo, kò sì bú mi. Ó kàn sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, bí ẹni tó rí ohun tí kò rí rí.

Nírọ̀lẹ́, ìyá náà gbé kẹ́ẹ̀gì, mo ní mo fẹ́ bá wọn lọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, odò tí wọ́n mú mi dé, iyanrìn ni. Wọ́n ti gbẹ́ ihò sí àárín rẹ̀, omi ń sun jáde láti ìsàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n á fi igbá kékeré bu ẹ̀kán kan, wọ́n á dúró kó tún sun. Àwọn obìnrin jókòó yí ihò náà ká, wọn ò jà, wọn ò ti ara wọn. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ ọkọ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ẹ̀gì kan fi kún. Èmi ọmọ omi, ojú ara mi tì mí. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì náà sórí kẹ̀kẹ́ mi bọ̀ wálé, mo tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin.

Wọ́n fún mi ní iyán àti ọbẹ̀ òrúnlá. Ilá gbígbẹ ni òrúnlá, ọbẹ̀ rẹ̀ dúdú, ó ń fà, ó sì ń ta sánsán. Ẹja kan ṣoṣo ló wà nínú ìkòkò, kò tó àtàǹpàkò mi, èmi àlejò ni wọ́n sì bù ú fún. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ẹrù ẹja ìyá mi wà nínú àpò lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ọ̀ọ̀dẹ̀. Bàbá náà fa imú lẹ́ẹ̀kan, ó fà á lẹ́ẹ̀kejì, kò bèèrè. Ó dùn mí wọ akínyẹmí ara. Ṣùgbọ́n ẹja Orímisàn ni, ọwọ́ ìyá mi ló dì í, èmi kọ́ ni mo máa tú u. Mo bu edé tí mo mú dání fún ara mi fún wọn. Ìyá náà fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó sì ní omi tí mo dà nù, òun ti dárí rẹ̀ jì mí.

Lọ́jọ́ kejì, mo rí ìdì igi ìdáná kan lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n fi sálúbàtà tó já kọ́ ọ lọ́rùn. Mo ní ta ló gbàgbé bàtà síbí, mo nawọ́ kí n gbé e wò.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án!" Obìnrin kan tó ru ẹ̀gẹ́ ló kígbe, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ da ẹrù orí rẹ̀ nù. "Àálè ni!"

Ó wá là mí lọ́yẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹrù tí kò lè dúró tì, á so nǹkan kan mọ́ ọn: bàtà tó já, oòyà tó kán, ṣùkù àgbàdo. Ẹni tó bá jí ẹrù náà, bí wọ́n ṣe da bàtà yẹn nù ni ayé á ṣe da olúwarẹ̀ nù. Ẹni tó bá so ó nìkan ló lè tú u. Mo bi í pé bí ẹni tó so ó bá gbàgbé ńkọ́? Ó ní, "Igi á jẹrà síbẹ̀." Láti ibẹ̀ lọ, gbogbo ohun tó bá ń fì lára igi ni mò ń jìnnà sí. Mo tilẹ̀ yà fún akísà kan tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló gbé e kọ́ igi.

Mọníyà

Ariwo Mọníyà bá mi lójijì. Ọ̀kadà lọ́tùn-ún, bọ́ọ̀sì lósì, tírélà Ọ̀yọ́ tó ń fọn fèrè láti ẹ̀yìn. Ẹni gbogbo ń sọ gẹ̀ẹ́sì mọ́ Yorùbá. Ọlọ́kadà kan sún mọ́ mi.

"Mọ̀mí, ẹ jẹ́ n gbé yín, kí ẹ fi okùn so kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn. Ọ̀fẹ́ ni o."

"Mi ò fẹ́, o ṣé."

"Ọmọ ibo ni yín tẹ́ ẹ ń sọ̀rọ̀ báyìí? Ìjẹ̀bú?"

"Ìlàjẹ ni mí."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sùn sórí omi! Ṣé ẹ kì í yí bọ́ sómi lóru?"

"Ìwọ tó o ń sùn sórí bẹ́ẹ̀dì, ṣé o kì í já bọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tó rí i pé mi ò ní gùn ún, ó dín eré kù, ó ń bá mi lọ ní ẹ̀gbẹ́ títì kí tírélà má baà gbá mi, títí a fi jáde nínú èrò. Ó juwọ́, ó padà síbi iṣẹ́ rẹ̀. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Bó bá rí ìwé yìí, kí ó mọ̀ pé mo gbàdúrà fún un.

Lẹ́yìn ìlú, obìnrin Fúlàní kan ń ta nǹkan funfun nínú igbá. Mo rò pé ẹja tuntun ni, inú mi ti dùn. Wàrà ni, mílíìkì màlúù tí wọ́n sè tó fi dì. Wọ́n dín in nínú epo fún mi, wọ́n da ata sí i. Bí mo ṣe ń jẹ ẹ́ ló ń dún láàárín eyín mi. Kì í ṣe ẹja o, ṣùgbọ́n mo jẹ ẹ́ tán, mo ní kí wọ́n tún bù sí i.

Ìrókò

Ní Ìrókò, mo bèèrè Orímisàn lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ní etí. Kò sẹ́ni tó gbọ́ orúkọ náà rí. Wọ́n mú mi lọ bá bàbá àgbà kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó jókòó níwájú ilé pẹ̀lú Bíbélì lórí itan.

"Ìyàwó tí wọ́n fẹ́ láti ibi omi ni, bàbá," mo ní.

"Kí lorúkọ ọkọ rẹ̀?"

Ẹ̀yin ará, ojú tì mí. Nílé wa, "ará òkè oníkẹ̀kẹ́ yẹn" ni wọ́n ń pè é. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Bàbá náà bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ọmọ mi, láyé ìgbà yẹn, ta ni kò gun kẹ̀kẹ́ ní Ìrókò? Èmi náà gùn ún." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ṣàlàyé ohun tó yẹ kí n ti mọ̀. "Orúkọ tí wọ́n bí ìyàwó kì í bá a wọ ilé ọkọ. Ta ló fẹ́ pè é bẹ́ẹ̀? Àwọn ìyàwó ilé ni? Wọn ò gbọdọ̀. Ọmọ ọkọ ni? Wọ́n á fún un lórúkọ mìíràn. Bó bá sì ti bímọ, ó di ìyá lágbájá. Ìyá ta ni ò ń wá?"

Mi ò mọ̀. Gbogbo ìrìn yẹn, mo gbé orúkọ tí ó ti kú láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Ọkàn mi bàjẹ́. Bàbá náà rí i lójú mi. Ó ní abà kan wà lẹ́yìn igbó tíìkì, òun gbọ́ nígbà kan pé ìyàwó kan níbẹ̀ ń sọ̀rọ̀ tí kò jọ tiwọn. "Ṣùgbọ́n ọjọ́ ti pẹ́ o. Bó o bá bá sàréè, má sunkún jù."

Lábẹ́ igi ayùnrẹ́

Ọ̀nà abà yẹn, iyanrìn ni. Táyà rì, mo ń wọ́ kẹ̀kẹ́ bí ewúrẹ́ olóríkunkun. Nígbà tó yá, mo gbé e ti igi ayùnrẹ́ kan lẹ́bàá ọ̀nà, ẹja àti ìgò omi mi wà lórí rẹ̀, mo sì fẹsẹ̀ rìn wọ abà.

Abà dá. Gbogbo èèyàn ti lọ sóko, ó ku bàbá kan tó ń ṣa ẹ̀gúsí.

"Orímisàn? Kò sí irú rẹ̀ níbí."

"Ìyá àgbà kan ńkọ́, tó wá láti ibi tó jìn?"

"Àwọn ìyá àgbà ti ń lọ. Ó ku Ìyá Àjàní, wọ́n sì ti lọ ṣẹ́gi."

"Níbo ni wọ́n ti wá?"

"Mo bá wọn níbí ni. Èmi náà, àtìpó ni mí."

Orúkọ Ìyá Àjàní kò sọ nǹkan kan fún mi. Mo dúpẹ́, mo yí padà. Mo ń rìn, mò ń ro ohun tí mo máa sọ fún ìyá mi: pé mi ò rí òkú, mi ò sì rí alààyè, kí wọ́n máa dá ẹja sí lọ tàbí kí wọ́n yé, èmi ò mọ̀. Ó burú ju pé ó kú lọ.

Mo dé ìdí igi ayùnrẹ́. Nǹkan kan ń fì lára kẹ̀kẹ́ mi.

Wọ́n ti so àálè mọ́ ọn! Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn, kò sí ènìyàn. Ẹ̀rù bà mí, kí ẹ̀rù tó tán inú bí mi. Kí ni mo ṣe fún wọn? Ṣé nítorí pé mo wọ abà wọn láìjẹ́ pé wọ́n wà nílé ni? Ọ̀fun mi gbẹ, omi mi wà lórí kẹ̀kẹ́. Mo jókòó síwájú rẹ̀ nínú oòrùn, mo ń wo ìgò omi mi, mi ò lè fọwọ́ kàn án. Èmi tí mo da omi nù ní Lágelú! Mo ní ẹ̀san rẹ̀ ló dé.

Obìnrin kan ru igbá irú kọjá. Mo fò dìde.

"Ẹ dákun, kẹ̀kẹ́ mi nìyí! Ta ni mo ṣẹ̀ níbí?"

Ó wo àálè náà, ó bú sẹ́rìn-ín. "Àálè Ìyá Àjàní ni. Ẹ ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ fi ẹrù sílẹ̀ láìso nǹkan kan mọ́ ọn, wọ́n bá yín ṣọ́ ọ ni. Kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án. Tiwọn dá yàtọ̀, gbogbo wa mọ̀ ọ́n." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ó dá yàtọ̀ lóòótọ́. Ìgbà yẹn ni mo tó sún mọ́ ọn. Kì í ṣe bàtà, kì í ṣe ṣùkù àgbàdo. Àwọ̀n ni. Àwọ̀n kékeré tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí wọ́n fi okùn hun, tí wọ́n sì so òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ etí rẹ̀ níbi tí àwa máa ń so òjé kí àwọ̀n lè rì. Ní ilẹ̀ tí omi kò tó igbá kan! Mo tẹ orí sílẹ̀, mo wo kókó rẹ̀. Òdì ni gbogbo wọn kọjú sí.

Mo kígbe. Mi ò mọ ohun tí mo wí. Ẹyẹ fò lórí igi.

Ìyá arúgbó kan yọ láti inú igbó, wọ́n ru igi, wọ́n di àdá mú ní ọwọ́ òsì. Wọ́n wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Ìwọ lo ni kẹ̀kẹ́ tó ń rùn bí ilé bàbá mi?"

Mo dọ̀bálẹ̀ sínú iyanrìn, mo gbàgbé pé obìnrin ni mí. Mo ní, "Mojí ni mí, ọmọ ẹ̀gbọ́n yín. Wọ́n ní kí n gbé ẹja wá."

Wọ́n sọ igi kalẹ̀. Wọ́n jókòó lé e.

"Ó ṣì wà?"

"Wọ́n wà, Ìyá mi. Ojú wọn ló ń ṣú."

"Ẹja kò dé mọ́. Mo ní ó ti kú. Mo ti sunkún rẹ̀ tán, Mojí. Mo ti fárí fún un." Wọ́n nu ojú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Ó ń jẹun nílé, èmi ń fi omi ojú ṣòfò níbi tí omi ti wọ́n!"

Wọ́n fi ọwọ́ òsì tú àálè náà. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo mu omi. Mo mu ún tán pátá, ẹ̀kán kan kò kan ilẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ni wọ́n tú ẹja. Wọ́n gbé e sí imú, wọ́n di ojú, ó pẹ́ kí wọ́n tó là á. Lẹ́yìn náà wọ́n pe gbogbo abà, bàbá ẹ̀gúsí náà wá, kálukú gba ẹ̀rún tirẹ̀. Ọkọ wọn ti kú, ìtòsí ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Àjàní ọmọ wọn ń ṣiṣẹ́ ní ìlú. Mo ní kí wọ́n bá mi lọ. Wọ́n ní èbù iṣu wà nílẹ̀ tí àwọn fẹ́ gbìn, wọn ò lè fi í sílẹ̀ fún ọ̀yà, bí wọ́n bá gbìn ín tán, Àjàní á gbé wọn wá.

Ní àárọ̀ tí mo fẹ́ lọ, wọ́n di èlùbọ́ sínú àpò, wọ́n mú àwọ̀n kékeré yẹn, wọ́n sì so ó mọ́ ẹnu àpò náà. Wọ́n so ó le.

"Gbé e fún un. Àálè ni. Wí fún un pé kó má tú u."

Ilé

Ìyá mi gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́, wọ́n ti na ọwọ́ síta kí n tó dúró. Mi ò sọ nǹkan kan. Mo gbé àpò náà lé wọn lẹ́sẹ̀, mo mú ọwọ́ wọn, mo fi lé ẹnu rẹ̀.

Ìka wọn wá okùn, ó wá òkúta, ó wá kókó. Wọ́n dúró lórí ọ̀kan. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò síwá, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò sẹ́yìn.

"Òdì ni," wọ́n ní. "Olóríkunkun. Títí di òní, kò gbọ́!"

Ìgbà yẹn ni mo tó jíṣẹ́ àálè náà fún wọn. Gbogbo ilé ń sunkún, gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n jẹ́ kí òun tú àpò náà, kí òun fi èlùbọ́ tuntun ro oúnjẹ fún wọn. Ìyá mi gbá a lọ́wọ́.

"Kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án. Ẹni tó so ó ń bọ̀ wá tú u." Wọ́n yíjú sí mi. "Mojí, gun òkè àjà lọ. Wo èyí tó tóbi jù níbẹ̀, kó o yà á sọ́tọ̀."